Ìdámẹ́rin Wákàtí Torsti Pöyhönen

Odò kan ló pín ìlú Ruokosalmi sí méjì, ohun tó sì wà ní òdìkejì odò náà ni kò jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú Torsti Pöyhönen. Ní òdìkejì ni yunifásítì wà, pẹ̀lú ògiri òkúta rẹ̀ àti àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀, tí wọ́n ń dé fìlà dúdú gogoro, tí wọ́n sì ń fi idà kọ́ ìbàdí lọ́jọ́ ayẹyẹ oyè wọn. Ní ìhín ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n sọ. Yunifásítì nìkan ló lè fi ènìyàn jẹ oyè ọ̀mọ̀wé, kó sì gbé idà lé e lọ́wọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ní tirẹ̀ á kọ́ ènìyàn níṣẹ́, á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí àti òdòdó róòsì kan. Èyí kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Àwọn nọ́ọ̀sì kò béèrè idà. Àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì ní ọ̀bẹ tiwọn. Àfi Torsti, Ọ̀gá Àgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́, ẹni tó ka òfin náà nígbà méjìlá, tó sì rí i nígbà kọ̀ọ̀kan pé òun gan-an ni àwọn tó kọ ọ́ ní lọ́kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, ó dúró lójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ sójú, ó ń wo àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun bí wọ́n ṣe tò kọjá lórí afárá. Igbákejì rẹ̀, Veijo Liukkonen, jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mu kọfí.

"Veijo, kí ni àwọn wọ̀nyí ní tí a ò ní?"

"Idà."

"Yàtọ̀ sí idà."

"Fìlà."

"Mo rí fìlà, Veijo, ojú mi ò fọ́! Nǹkan míì ńkọ́?"

Veijo ronú. Ó mu kọfí. Ó tún ronú. "Wọ́n máa ń pẹ́," ló wí níkẹyìn.

"Wọ́n máa ń kí ni?"

"Wọ́n máa ń pẹ́. Tí wọ́n bá ní kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀ laago mẹ́jọ, mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń sọ. Ìdámẹ́rin wákàtí àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Ayé àtijọ́ ni wọ́n ti bá a bọ̀. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Tá a bá ti ní mẹ́jọ, mẹ́jọ náà ni."

Torsti rọra sọ awò náà kalẹ̀. "Ṣé òfin kan wà tó ní àwa ò gbọdọ̀ pẹ́?"

"N ò tíì rí i."

"Ha!" ni Torsti wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi "ha" yìí sọ́kàn. Òun ló jó igba búrẹ́dì ó lé ogójì.

Ó yẹ kí a tún sọ díẹ̀ nípa Veijo Liukkonen, torí pé láàrin ìlú tí kì í yin ènìyàn, òun ni ọ̀gá àwọn apọ́nni. Ní Ruokosalmi, ìyìn ṣọ̀wọ́n bí oòrùn oṣù Kejìlá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní á ní, "Ó ṣáà gbìyànjú." Ọkọ tó rí ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ ìgbéyàwó á wo fèrèsé, á ní, "Aṣọ yẹn ò ṣe nǹkan kan." Veijo ló gbé ìpọ́nni dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé e dé rí. Ó máa ń wo ọ̀gá rẹ̀ lójú kòrókòró, á sì sọ lójú gbogbo ayé pé, "Kò burú jù." Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Torsti, inú Torsti dùn débi pé ojú rẹ̀ pọ́n títí dé ọrùn, kò sì lè jẹun ọ̀sán.

Gbogbo àsìkò ooru ni Torsti fi jókòó ní ilé kékeré rẹ̀ létí adágún, tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ nínú oṣù Kẹjọ, ó pè wọ́n jọ sí gbọ̀ngàn, ó gun orí pèpéle, ó sì mú òòlù onígi kékeré tí wọ́n fi ń kan tábìlì nígbà tí ìpinnu bá ti fìdí múlẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí!" ló fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn ló wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mọ́kàndínláàádọ́ta péré ni wọ́n. "Kí ni àkókò? Àkókò, odò ni! Kí sì ni odò? Ohun tó là wá kúrò lára àwọn ará ọ̀hún ni! Ta ni yóò wá tẹ́ afárá lé e? Ẹ má wò yíká, èmi ni! Mo bi yín léèrè: ẹni tó bá dé lákòókò, kí ló fi hàn? Ó fi hàn gbangba pé kò ní ohun tó ń ṣe níbòmíràn! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ìmọ̀ ló dá a dúró lọ́nà! Nítorí náà, láti òní lọ, gbogbo àkókò tí a bá kọ sílẹ̀ nínú ilé yìí, kí a fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Ẹni tó bá tako, kó sọ̀rọ̀."

Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ Ruokosalmi kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó lè túmọ̀ sí pé wọ́n gbà. Ó lè túmọ̀ sí pé wọn kò gbà láéláé. Ó lè jẹ́ pé ebi ń pa wọ́n, tàbí pé ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ ọkọ̀ wọn tó ń jò. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú gbọ̀ngàn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni etí Torsti máa ń gbọ́. Ó gbé òòlù sókè, ó kàn án mọ́ tábìlì: gbà! Òfin dé.

Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó fi òfin kejì lé e lójú ẹsẹ̀. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè mí ní Torsti mọ́. Ọ̀gá Àgbà ni. Ẹ kò sì gbọdọ̀ ní 'ìwọ' fún mi mọ́. 'Ẹ̀yin' ni." Ìdákẹ́jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ní ìlú náà, orúkọ ni ọmọdé àti àgbà fi ń pe ara wọn, wọn kì í sì í ní "ẹ̀yin" fún ẹnì kan ṣoṣo àfi ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tàbí ọlọ́pàá tó bá dá wọn dúró lójú títì. Gbà!

"Báwo ni ọ̀rọ̀ mi?" ló bi Veijo nígbà tí wọ́n jáde.

"Kò burú jù, Ọ̀gá Àgbà."

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló ní kí wọ́n rán fìlà kan fún òun, dúdú, gogoro, tó fi ìka mẹ́rin ga ju ti yunifásítì lọ. Òfin kò gbà kó fi àmì ọ̀mọ̀wé síwájú rẹ̀, ó sì fi ẹja fàdákà kan síbẹ̀, torí pé ẹja ló wà nínú èdìdì ìlú.

Bí ó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni, àwọn ènìyàn ì bá gbọ́ òfin náà, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì máa bá tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ará Ruokosalmi lè kórìíra òfin tọkàntọkàn, kó sì tún pa á mọ́ láìku ẹyọ kan. Òfin ní gbogbo àkókò tí a bá kọ sílẹ̀, wọ́n sì fi sí gbogbo àkókò tí a kọ sílẹ̀. Lára ògiri yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n ka ìlùkìkì ọkàn aláìsàn fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n wá ń kà á. Aláìsàn á sùn, ẹni tó ń kà á náà á sùn. Ọkọ̀ àwọn ẹnjiníà dé ìdí afárá tí wọ́n máa ń gbé sókè fún ọkọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e bolẹ̀, wọ́n sì jókòó sójú omi títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ta káàdì.

Lára ògiri ilé búrẹ́dì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Búrẹ́dì ráì, ìṣẹ́jú àádọ́ta.

Hilkka Rautanen ni olórí ilé búrẹ́dì, obìnrin kúkúrú tí apá rẹ̀ ki bí òpó, tó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní búrẹ́dì ṣíṣe fún ọgbọ̀n ọdún. Ó ka òfin, ó ka ara ògiri, ó ti búrẹ́dì ọkà ráì sínú ààrò, ó ká apá mọ́ àyà, ó sì dúró fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́rin. Èéfín bo àjà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń sunkún. Hilkka kò mira. Nígbà tí àkókò pé, ó kó igba búrẹ́dì ó lé ogójì jáde, ó mú ọ̀kan sórí àwo, ó bo aṣọ funfun lé e, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà.

"Kí nìyí, Hilkka?"

"Búrẹ́dì yín ni, Ọ̀gá Àgbà."

"Kí ló dé tó fi dúdú báyìí?"

"Ó pẹ́ ni. Ìmọ̀ ló dá a dúró lọ́nà."

Torsti fi ìka kan búrẹ́dì náà. Kó, kó, kó. "Ó lágbára," ló wí.

"Ó lágbára. Mo fi ayùn gé e, ayùn ló ṣẹ́."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ yọ ilé búrẹ́dì kúrò nínú òfin yín. Búrẹ́dì ò mọ̀ pé àwọn kan ń gbé òdìkejì odò."

"Á kọ́ ọ!" ni Torsti bú jáde. "Búrẹ́dì á kọ́ ọ, Hilkka! Báyìí ni gbogbo ohun ńlá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ máa ń le díẹ̀. Veijo! Tọ́ ọ wò."

Veijo wo búrẹ́dì. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ó bù ú jẹ. Nǹkan kan ró pàá nínú ẹnu rẹ̀, kì í sì í ṣe búrẹ́dì. "Kò burú jù," ló wí, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Ṣé o gbọ́, Hilkka?"

"Mo gbọ́," ni Hilkka wí. "Mo tún gbọ́ ìró eyín rẹ̀." Ó fi búrẹ́dì náà sílẹ̀ fún wọn, ó sì padà síbi iṣẹ́. Torsti ní kí Veijo gbé e lọ sí yàrá ìgbìmọ̀, kó máa fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Ẹ fi búrẹ́dì náà sílẹ̀ níbẹ̀ fún wa, a ó padà wá bá a.

Láìpẹ́, Torsti ṣàkíyèsí ohun kan tó dùn ún wọ egungun: òun àti olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì jọ ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan náà pẹ́. Irú ìwà wo nìyẹn? Ó tún pe ìpàdé. Olùkọ́ yóò máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́, olórí ẹ̀ka, ogún, igbákejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Ọ̀gá Àgbà nìkan ni yóò máa fi odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́. Ẹni tó bá tako, kó sọ̀rọ̀. Gbà!

Ibẹ̀ ni wàhálà gan-an ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ará Ruokosalmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Tí ìpàdé bá jẹ́ aago méjìlá, méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀. Wọ́n wá ń dé ní kùtùkùtù gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n sì ń fara pamọ́ títí àkókò ìpẹ́ wọn yóò fi pé. Ènìyàn lè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá kó rí bàtà mẹ́fà lábẹ́ aṣọ fèrèsé kan ṣoṣo. Olórí ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà máa ń dúró lẹ́yìn òdòdó inú ìkòkò, ó fi ewé méjì bojú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kún fún àwọn olùkọ́ tí ìtọ̀ kò gbọ̀n, tí ìgbẹ́ kò gbọ̀n.

Ọ̀gá Àgbà ńkọ́? Òun náà, ọmọ Ruokosalmi ni. Ó ti gbìyànjú láti jókòó sílé títí àkókò yóò fi kọjá, ṣùgbọ́n ó bá ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì kí aago tó lù. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago tó lù, ẹ lè rí i, ẹ má rẹ́rìn-ín, nínú yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìgbìmọ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló là wọ́n. Ibẹ̀ ló ti máa ń dúró fún ogójì ìṣẹ́jú nínú fìlà gogoro rẹ̀, tí orí rẹ̀ ń kan pẹpẹ, tí aṣọ ìnulẹ̀ ń kán omi sí i léjìká.

Lọ́jọ́ tí fìlà rẹ̀ fọ́ ìgò ọṣẹ, ó rí i pé ibi ìpamọ́ yìí kò bá ipò òun mu. Ó tún pe ìpàdé. Wọn yóò wó ilé búrẹ́dì, wọn yóò kọ́ Gbọ̀ngàn Ìdúró síbẹ̀, tí yóò ní àga onítìmùtìmù àti dígí ńlá, níbi tí àwọn ẹni ọ̀wọ̀ yóò máa jókòó títí ìpẹ́ wọn yóò fi pé. Iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ti fún òun ní ọdún márùn-ún mìíràn lórí àga, nínú oṣù Kẹta.

"Ẹni tó bá tako, kó sọ̀rọ̀."

Hilkka Rautanen wo ìyẹ̀fun tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Gbà!

Lọ́jọ́ kejì, Veijo wọlé bá Torsti. Ó jókòó. Ó mu kọfí. "Hilkka ti kọ̀wé," ló wí.

"Ìwé kí ni?"

"Ìwé ìbéèrè. Ó ń béèrè àga yín."

Torsti rẹ́rìn-ín títí ẹja fàdákà orí fìlà rẹ̀ fi ń jó. "Ojú ewé mélòó ló kọ?"

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan! Tèmi jẹ́ méjìlélógójì! Kí ló wà nínú ọ̀kan náà?"

"Ó ní aago mẹ́jọ á padà di aago mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìwé náà, ó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì ráì síbẹ̀."

"Olúwa ṣàánú fún un," ni Torsti wí. Ó sì fi òòlù onígi ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ wúrà, kó kọ orúkọ òun sí i lára pẹ̀lú ọdún márùn-ún tó ń bọ̀.

Ìlú ló ni kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìgbìmọ̀ tí ìlú yàn ló sì ń fi Ọ̀gá Àgbà jẹ. Alága ìgbìmọ̀ ọ̀hún ni Saima Luotola, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò kọjá adágún. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Ó rí i tó ń sáré bọ̀ ní èbúté, ó juwọ́ sí i, ó sì gbéra. Ojú títì ni ọkùnrin náà gbà yíká délé, àádọ́rùn-ún kìlómítà. Wọ́n ṣì ń fẹ́ra wọn. Ọkùnrin náà kò sì tún pẹ́ mọ́.

Ìwé Saima dé: Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá géérégé. Olùbéèrè kọ̀ọ̀kan yóò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí a bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, a gbà pé ó ti yọwọ́.

Veijo ka ìwé náà, ó sì fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan. "Wọ́n kọ 'géérégé' síbẹ̀."

"Mo rí i. Hilkka ni wọ́n ń bá wí."

"Ọ̀gá Àgbà, ó lè di ìṣòro díẹ̀."

Ní Ruokosalmi, tí ènìyàn bá ní ó lè di ìṣòro díẹ̀, ọkọ̀ ti rì nìyẹn, wọ́n ti ń wá òkú. Ṣùgbọ́n Torsti ti gbàgbé èdè ìlú rẹ̀. "Veijo," ló wí, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká, "ṣé wọ́n lè yan Ọ̀gá Àgbà kí Ọ̀gá Àgbà tó dé ni?"

Veijo ká ìwé náà, ó fi í sínú àpò. Torsti gbà pé ó gbà.

Ọjọ́bọ̀ dé. Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ gba gbogbo ilé kan, òórùn pánkéèkì tẹ̀ lé e. Ní méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Torsti Pöyhönen wọ inú yàrá ìgbálẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó to ojú ewé méjìlélógójì rẹ̀ sókè bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sójú.

Ó gbọ́ tí wọ́n ń fa àga nínú yàrá kejì. Ó gbọ́ tí Saima ń fun imú. Aago gbọ̀ngàn ìlú lu méjìlá.

"Méjìlá ti lù," ni ohùn Saima wí. "Torsti Pöyhönen!"

Ẹsẹ̀ Torsti gbéra fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí ìkọ́ ilẹ̀kùn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni. Ṣùgbọ́n aago rẹ̀ ní méjìlá, kò lé, kò dín. Bí ó bá jáde nísinsìnyí, kí ni yóò fi yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì? Ọdún márùn-ún wà ní ẹ̀yìn pákó yẹn, Gbọ̀ngàn Ìdúró wà níbẹ̀, àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀. Wọn á dúró, ló sọ fún ìgbálẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Torsti ò sí níbí," ni Saima wí. "Hilkka Rautanen!"

"Mo wà ńbí."

"Sọ̀rọ̀."

"Aago mẹ́jọ á di aago mẹ́jọ. Àwọn nọ́ọ̀sì á ka ìlùkìkì ọkàn fún ìṣẹ́jú kan. Búrẹ́dì á jinná, kò ní jó. Ó tán."

Ìdákẹ́jẹ́. Torsti gbìyànjú láti mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbọ́ ọ dáadáa: wọ́n fara mọ́ ti Hilkka.

Wọ́n ka àwọn ìwé. Wọ́n mu kọfí. Lẹ́yìn náà ni Saima wí pé, "Veijo, ìwọ lo bá Torsti ṣiṣẹ́ jù. Kí lo rí sí i?"

Veijo! Igbákejì tó yẹ kó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pẹ́ ti jókòó sínú yàrá láti ìgbà tí aago ti lù! Torsti fi etí lẹ pákó. Ó yẹ kó bínú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni, ó sì tó gbé ènìyàn gun àga.

Veijo mu kọfí. Ó fi ahọ́n kan eyín tó ṣẹ́.

"Ì bá dára ju bó ṣe rí lọ," ló wí.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀. A kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ búburú bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn ní gbangba ní Ruokosalmi láti ìgbà ogun.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Saima wí. "Mo ní kí Hilkka gba àga. Ẹni tó bá tako, kó sọ̀rọ̀."

Torsti la ẹnu. Aago rẹ̀ ní méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, "Mo takò ó," àwọn tó wà lẹ́yìn pákó á sì gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n ṣé Ọ̀gá Àgbà lè takò ó láti àárín àwọn ìgbálẹ̀? Pẹ̀lú ìṣẹ́jú mọ́kànlá tó kù? Ó pa ẹnu dé.

"Òòlù dà?" ni Saima béèrè.

"Ó wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà," ni ohùn Veijo wí. "Wọ́n ń kọ orúkọ sí i."

"Orúkọ ta ni?"

Ẹnì kan wúkọ́.

"Ẹ gbé búrẹ́dì yẹn fún mi," ni Saima wí.

GBÀ! Pákó mì. Pẹpẹ já. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àti ìgò ọṣẹ kan sọ̀kalẹ̀ sórí fìlà gogoro náà, fìlà sọ̀kalẹ̀ dé etí Torsti, ẹja fàdákà sì wá ń wò ó lójú. Nínú yàrá kejì, búrẹ́dì kò sán rárá. Wọ́n ní tábìlì ló sán.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ó rò pé ó jáde nígbà náà. Rárá o. Ó dúró. Ó gbọ́ tí wọ́n ń kí Hilkka, tí wọ́n ń dìde, tí ẹsẹ̀ wọn ń lọ síbi òórùn pánkéèkì. Ó dúró títí aago rẹ̀ fi ní méjìlá ààbọ̀. Nígbà náà ló ká ojú ewé rẹ̀ tó ti rin gbindin, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìgbìmọ̀ gbayau, ó sì gbé ohùn sókè: "Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀!"

Saima Luotola nìkan ló kù, ó ń wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Torsti. O pẹ́."

"Ọ̀gá Àgbà kì í pẹ́. Ìmọ̀ ló dá mi..." Ọṣẹ ń hó ní ìrù ẹ̀wù rẹ̀.

Saima wò ó láti òkè délẹ̀, láti fọ́nrán aṣọ ìnulẹ̀ tó so mọ́ fìlà títí dé bàtà tó ń fa omi. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbálẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ béèrè ìbéèrè kan, ṣùgbọ́n àánú ṣe é, ó sì béèrè òmíràn.

"Ẹja yẹn, ṣé o ń tà á ni?"

Kò dúró gba èsì. Ó lọ.

Torsti bọ́ fìlà. Ó gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì dúdú náà. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ, ó dúró lórí ìlà lẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kò sì sún fún un. Nígbà tó kàn án, ọbẹ̀ ẹ̀wà ṣẹ́ kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò. "Pánkéèkì ti tán," ni obìnrin tó ń bu oúnjẹ wí. "Aago méjìlá ààbọ̀ ló tán, géérégé."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ jókòó ní ìkangun tábìlì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan gbé àwo kan síwájú rẹ̀: búrẹ́dì ráì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò, bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Hilkka Rautanen ni. Ó jókòó ní òdìkejì, ó ká apá rẹ̀ tó ki mọ́ àyà.

"Jẹ ẹ́, Torsti."

Ó jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ rọ̀ wọ́dúwọ́dú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ró kẹ́kẹ́. Ìṣẹ́jú àádọ́ta péré ló lò nínú ààrò.

"Ṣé búrẹ́dì ń kọ́ ọ?" ni Hilkka béèrè.

"Kò burú jù," ni Torsti wí.

Ojú Hilkka pọ́n títí dé ọrùn. Láti oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tó ti ẹnu ọkùnrin náà jáde lákòókò.